Ọmọ Iṣẹ́ Kì í Ṣe Ẹrú: Àmáánà Ni Lọ́wọ́ Ọ̀gá

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ni. Láti Ìkìrun dé Ìníṣà, láti Ìbà dé Òkukù, kò sí òpópónà tí ẹ máa gbà tí ẹ kò ní rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ṣẹ́ẹ̀dì mẹkáníìkì, ilé onídìrí, ọ̀dọ̀ wẹ́dà tàbí ti káfíńtà. Ọ̀gá kan á wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta á wà lábẹ́ rẹ̀. Inú ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìṣàkóso òwò, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ òwò kan ti wà kí yunifásítì tó dé, ọmọ tálákà sì lè wọ̀ ọ́ láìṣe ìdánwò JAMB. Abẹ́ ọ̀gá ni. Ohun tí ọmọ bá bá níbẹ̀ ni ó máa fi jẹun títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Lóde òní, pátákó ìkéde pọ̀ tó ń pe àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n wá san owó, kí wọ́n wá kọ́ bí a ti ń di aṣáájú rere, bí a ti ń yọ ẹ̀bùn inú àwọn òṣìṣẹ́ ẹni jáde. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀gá kan lè jókòó sí irú àpérò bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì dé ṣẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ó fi sípánà kan ọmọ iṣẹ́ lórí.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāhu máa bá a) fi àwọn ènìyàn wé ibi ìwakùsà, irú èyí tí wúrà àti fàdákà ti ń jáde. Hadíìsì náà wà lọ́dọ̀ Bukhārī àti Muslim. Àwa ará Ọ̀ṣun ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé, nítorí ìpínlẹ̀ wa ni ibi ìwakùsà Segilola wà, tí wọ́n ti yọ wúrà àkọ́kọ́ ní ọdún 2021. Wúrà kì í jáde ní odidi òkúta. Wọ́n á fọ́ àpáta, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, tọ́ọ̀nù kan gbáko sì lè má mú ju gíráàmù díẹ̀ jáde. Kò sí awakùsà tó máa gbá àpáta létí nítorí pé wúrà inú rẹ̀ kò tètè yọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa nípa bí nǹkan ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òbí á mú ọmọ wá, á san owó ìwọṣẹ́, á ra ohun èlò tí ọ̀gá kà sílẹ̀, wọ́n á dá ọdún mẹ́ta. Ọdún kìíní á lọ sórí omi pípọn, ọkọ̀ ọ̀gá fífọ̀ àti ọmọ ọ̀gá pípọ̀n. Lọ́dún kejì, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń gán bọ́tìnnì, ó ń ká etí aṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bá fẹ́ gé agbádá tàbí búbà tó gbayì, ìgbà náà gan-an ni ebi máa ń pa á. Á ní kí ọmọ lọ ra ẹ̀kọ wá ní ìsàlẹ̀ ọjà. Kí ọmọ tó dé, aṣọ ti di gígé tán. Ọdún mẹ́ta pé, ọmọ mọ rírán, kò mọ gígé. Àwọn mẹkáníìkì náà ní tiwọn: ọmọ mọ bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì, ọ̀gá nìkan ló mọ bí a ti ń tò ó padà kí ó dún bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn èyí ni owó òmìnira, tí gbogbo wa ń pè ní fíríídọ́ọ̀mù, á délẹ̀, pẹ̀lú ìrẹsì, ẹlẹ́rìndòdò àti aṣọ ẹgbẹ́. Bí òbí kò bá rí i san, ọmọ á tún fi oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan sìn lé e lórí.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí ọmọ iṣẹ́ wọn gba òmìnira tán tí kò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí kò dára ti pọ̀ débi pé a ti ń pè é ní àṣà, a sì ń sọ fún ọmọ tó bá ń sunkún pé bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe kọ́ṣẹ́.

Ẹ fi wé ilé kéú. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti alífù, báù, tàù, alfa á máa mú un lọ láti súrà dé súrà. Ọjọ́ tí ó bá ka Kùránì tán, wòlímọ̀ ni, inú alfa á dùn ju ti òbí lọ. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ rí pé alfa kan fi súrà méjì pamọ́ fún ọmọ kéú rẹ̀, kí ọmọ náà má baà di alfa bíi tirẹ̀? Gbogbo ìlú ni ìbá bú u. Iye ọmọ tó ka Kùránì tán lọ́dọ̀ alfa ni a fi ń mọ̀ ọ́n ní alfa ńlá. Kí ló dé tí a kì í fi iye ọ̀gá tó jáde lábẹ́ télọ̀ kan mọ̀ ọ́n ní télọ̀ ńlá?

Hadíìsì kan wà lọ́dọ̀ Abū Dāwūd àti Tirmidhī nípa ẹni tí wọ́n bi léèrè ìmọ̀ tí ó fi í pamọ́, pé ìjánu iná ni wọn yóò kì í lẹ́nu ní ọjọ́ Ìgbéǹde. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbé hadíìsì yìí lé, n kò sì fẹ́ nà án kọjá ibi tí wọ́n na án dé. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọ̀gá tún yàtọ̀. Ọ̀gá ti gba owó. Ìmọ̀ tó ń fi pamọ́ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ó ti tà á. Ẹni tó gba owó ìṣù mẹ́wàá tó kó ìṣù méje fún oníbàárà, a mọ orúkọ tí à ń pè é nínú ọjà. Òṣùwọ̀n tó dín ni, Kùránì sì ní odidi súrà kan tó fi ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù bẹ̀rẹ̀, Súrà Al-Mutaffifīn.

Ó wù mí kí gbogbo ọ̀gá àti òbí ṣí Súrà Al-Qasas, súrà 28, láti āyah 23. Ànábì Mūsā (kí ọlà Allāhu máa bá a) sá kúrò ní Íjíbítì, ó dé Madyan, kò ní ilé, kò ní owó, kò ní iṣẹ́. Ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì níbi omi, ó bá wọn fún ẹran wọn lómi, ó sì padà sábẹ́ ibòòji. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ló dábàá fún bàbá wọn pé kí ó gbà á síṣẹ́, ó sì dárúkọ ohun méjì tó ń mú ènìyàn yẹ fún iṣẹ́: kí ó lágbára, kí ó sì ṣeé fọkàn tán. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń náwó wá kiri kí wọ́n tó gba òṣìṣẹ́, ọmọbìnrin tó ń da ẹran ló sọ ọ́ tán ní gbólóhùn kan.

Bàbá náà (àwọn kan ní Ànábì Shu'ayb ni, àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀) kò sọ pé kí Mūsā ṣáà máa bá òun ṣiṣẹ́ ná, kí wọ́n máa wò ó. Ó dá iye ọdún, ọdún mẹ́jọ. Ó ní bí Mūsā bá sọ ọ́ di mẹ́wàá, láti ọwọ́ Mūsā ni. Ó sọ ohun tí Mūsā máa rí níbẹ̀, ìyẹn ni pé yóò fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ fún un ṣe aya. Ó tún fi kún un pé òun kò fẹ́ ni ín lára. Mūsā náà kò dákẹ́. Ó ní èyíkéyìí tí òun bá parí nínú àkókò méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe àbòsí sí òun lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi Allāhu ṣe ẹlẹ́rìí. Ibn Abbās sọ pé èyí tó gùn jù ni Mūsā parí. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀gá kò fipá gba ọdún méjì tó lé yẹn, ọmọ iṣẹ́ ló fi ta á lọ́rẹ. Ẹni tó dé Madyan lọ́wọ́ òfo kó ìdílé kúrò níbẹ̀, ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni Allāhu sì ti pè é sí iṣẹ́ Ànábì.

Òfin orílẹ̀-èdè wa pàápàá kò jìnnà sí èyí. Labour Act ti Nàìjíríà gba òbí láyè láti fi ọmọ tó ti lé ní ọdún 12 tí kò tíì pé 16 sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Mélòó nínú wa ló ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí? Āyah tó gùn jù nínú Kùránì, Al-Baqarah 282, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló wà fún. Àwa á kọ gbèsè bẹ́ǹdù aṣọ méjì sínú ìwé, a ò ní kọ ọdún mẹ́ta nínú ayé ọmọ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹnu ọ̀gá ńkọ́? Ọmọ bí ọdún 10 ni Anas ọmọ Mālik nígbà tí ìyá rẹ̀, Umm Sulaym, mú un wá sọ́dọ̀ Ànábì ní Mẹ̀dínà. Ọdún 10 ni ó fi sìn ín. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí pé Ànábì kò pòṣé sí òun rí, kò sì bi òun rí pé kí ló dé tí òun fi ṣe èyí, kí ló dé tí òun kò fi ṣe tọ̀hún. Anas yìí wá di ọ̀kan nínú àwọn sàábé tí hadíìsì pọ̀ jù lọ lẹ́nu wọn. Kì í ṣe pé kí ọ̀gá má bá ọmọ wí o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń gbá lórí lójoojúmọ́, bí a ti ń sá fún ọ̀gá ló ń kọ́, kì í ṣe iṣẹ́.

Ọmọ tún ń kọ́ ohun tí ọ̀gá kò kọ́ ọ. Gbogbo wa la mọ irọ́ télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ọ̀gá ti gba aṣọ ogójì, ó mọ̀ pé ogún ni òun lè rán. Oníbàárà dé, ọ̀gá wọ yàrá lọ, ó ní kí ọmọ sọ pé òun ti lọ sí Òṣogbo. Ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ń rán ní irọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ òwò ni wọ́n sì ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òótọ́ Ànábì wa ló mú kí Khadījah kó ọjà lé e lọ́wọ́ lọ sí Ṣáámù, nígbà tí kò tíì di Ànábì. Maysarah, ìránṣẹ́ Khadījah, bá a lọ, ohun tí ó fojú rí lójú ọ̀nà ló sì wá ròyìn nílé.

Àwọn ọ̀gá ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní aago mẹ́wàá ni ọmọ òde òní ń dé ibi iṣẹ́, fóònù lọ́wọ́. Wọ́n ní oṣù mẹ́fà ni òmíràn á lò tí á ti lọ gbé pátákó tirẹ̀ kọ́, àwọn kan á kó irinṣẹ́ lọ, àwọn kan á kó nọ́ńbà àwọn oníbàárà. Wọ́n ní òbí mìíràn á já ọmọ sílẹ̀ nítorí pé ó kọ ilé-ìwé, kò sì ní yọjú mọ́ títí di ọjọ́ fíríídọ́ọ̀mù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ ọ̀dọ́ tí ò ń ka èyí, ìfọkàntán wà nínú ohun méjì tí ọmọbìnrin Madyan yẹn sọ. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣe yàhúù bá ti ra ọkọ̀, má fi í díwọ̀n ọdún tí o ń lò nídìí ẹ̀rọ.

Síbẹ̀, tí a bá tú ẹjọ́ àwọn ọ̀gá dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rù la máa bá níbẹ̀: bí mo bá kọ́ ọ tán, yóò gba oúnjẹ ẹnu mi. Ẹ̀rù yìí kò ba àwọn òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò ará Ìjẹ̀ṣà yìí a máa gbé aṣọ láwìn kiri ìlú, wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gba owó wọn. Ọmọ ẹbí ni wọ́n sábà máa ń mú dání. Ọmọ á ru ẹrù, á kọ́ ìṣirò, á mọ ẹni tó ṣeé tà fún láwìn àti ẹni tí kò ṣeé tà fún. Nígbà tó bá yá, wọ́n á ràn án lọ́wọ́ kí òun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àwọn Íbò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970, £20 péré ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn, iye yòówù tí wọn ìbáà ní ní báǹkì. Lára ohun tó gbé wọn dìde ni ètò tí ọmọ á fi sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, tí ọ̀gá á sì fún un ní owó àti ọjà kí ó dá dúró. Ẹni tó gba ìdásílẹ̀ lónìí á mú ọmọ tirẹ̀ lọ́la. Ẹ lọ wo Aláàbà àti Ládípọ̀ ní Èkó. Ètò wọn náà ní àbùkù, àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń wá ẹ̀sùn sí ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọdún ìdásílẹ̀ bá kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó ní ọmọ iṣẹ́ àtijọ́ mẹ́wàá nínú ọjà kan náà ni ebi máa pa ni?

Ẹ rántí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí àpáta dí mọ́ inú ihò, nínú hadíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá. Ẹni kẹta wọn gba òṣìṣẹ́ kan, òṣìṣẹ́ náà bínú fi owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba ọkà díẹ̀ ni owó iṣẹ́ yẹn. Ọ̀gá yìí gbìn ín, ó ń bí sí i, ó di màlúù àti olùṣọ́ màlúù. Lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, òṣìṣẹ́ dé, ó ní kí wọ́n fún òun lẹ́tọ̀ọ́ òun, ọ̀gá sì nawọ́ sí agbo màlúù. Ọkùnrin náà rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Èyí ni ọ̀gá náà fi tọrọ lọ́wọ́ Allāhu tí àpáta fi yí kúrò. Ẹ wá wo tiwa: lọ́dún kẹta, ọmọ ló ń rán ìdajì aṣọ tó ń wọlé, kò sì rí owó oúnjẹ ọ̀sán gbà. Mo gbà pé òbí ló san owó kí ọmọ tó wọṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ti ń mú owó wọlé, ó yẹ kí nǹkan máa kàn án, bó ti wù kí ó kéré mọ, kí ọ̀gá sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Ohun kan tún kù tó ṣòro fún àwọn ọ̀gá ju owó lọ, òun ni kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ lójú ayé. Ní ọdún 632, nígbà tí àìsàn ikú dé bá Ànábì wa, Usāmah ọmọ Zayd ló fi ṣe olórí ọmọ ogun tó ń lọ sí ọ̀nà Ṣáámù. Kò tíì pé ọdún 20. Àwọn kan kùn, Ànábì ní ó yẹ fún un bí bàbá rẹ̀ ti yẹ fún un. Lẹ́yìn tí Ànábì papòdà, Abū Bakr sin ín jáde ní Mẹ̀dínà, Abū Bakr ń fẹsẹ̀ rìn, Usāmah wà lórí ohun ìgùn. Abū Bakr fẹ́ kí Umar dúró ti òun, ṣùgbọ́n abẹ́ Usāmah ni Umar wà nínú ọmọ ogun yẹn. Olórí gbogbo Mùsùlùmí wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ yìí. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, kò gba ju kí ọ̀gá sọ fún oníbàárà pé: "Ẹ lọ bá Ráfíù, òun ló máa wọn yín, òun ló máa gé e."

Tí a kò bá ṣe é, àwọn mìíràn á ṣe é fún wa. Lónìí, ẹni tó bá ń kọ́ ilé, tó fẹ́ kí táìsì rẹ̀ jọjú, àwọn ọmọ Kútọnu àti Tógò ni ọ̀pọ̀ ń wá lọ. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n ju ọmọ wa lọ. Ìjọba sì lè ṣe tirẹ̀, bí Ọ̀ṣun ti gba 20,000 ọ̀dọ́ sínú OYES ní 2010 pẹ̀lú ₦10,000 lóṣù, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè dúró ti ọmọ kan nídìí ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́ta.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn jámáà wa ní Ìbà, Ìníṣà, Ìkìrun àti Òkukù kò pọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wọṣẹ́, kí òbí, ọmọ àti ọ̀gá jókòó ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò lẹ́yìn ìrun Alásàárì, kí ìmáámù tàbí àgbà kan jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá: ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, iye owó ìwọṣẹ́ àti iye owó òmìnira kí ó má baà máa ga lẹ́yìn, ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, àkókò ìrun Àìlà àti Jímọ́ọ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá sá tàbí bí ọ̀gá bá lé e. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ òbí, ọ̀kan ní mọ́ṣáláṣí. Ní òpin ọdún kejì, kí bàbá tàbí ìyá mú yáàdì aṣọ mẹ́ta dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ó ní kí ọmọ gé e lójú òun. Bí ọmọ bá mú sísọ́ọ̀sì, tí ó ń wo ojú ọ̀gá kí ó tó fi kan aṣọ, kí òbí jókòó, kí ó béèrè ìdí.